Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

Sípánà tí a fi ń tú táyà ni Misbaudeen fi ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ní iwájú ilé wọn ní Díóbù, ní Pọ́tàkọ́ọ̀tù, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, lójú àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń run orín. Ẹ̀ṣẹ̀ Gafar kò ju ẹyọ kan lọ: ó ti yọ kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì, ó ti fi í sí àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ mọ́.

“Ojú ọ̀tún yín ti kú, Bàbá,” ni ọmọ náà wí. “Dókítà sọ ọ́ létí mi, ó sì sọ ọ́ létí yín. Ó ní àìsàn tí ó pa tọ̀tún ti ń rá pálá lọ sí tòsì.”

“Dókítà yẹn ti wa ọkọ̀ dé Màídúgúrì rí?”

“Ta ni ó ń sọ ti Màídúgúrì? Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ẹ fi ọkọ̀ họ ara ògiri ilé ìyàgbẹ́. Ògiri, Bàbá. Ògiri kì í sáré kọjá títì.”

Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni ó gbé sípánà lé bàbá lọ́wọ́. Ó nà án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Egungun dún bí igi gbígbẹ. Gafar kò ké. Ó fi ọwọ́ kejì yọ kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì wí láìla eyín pé, “Ẹ gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá pa ènìyàn, ẹ má ṣe ránṣẹ́ sí mi ní Iwofe pé kí n wá bá yín gbé òkú.” Iṣẹ́ jórinjórin ni ó ń ṣe, ọwọ́ tí ó fi ń di iná mú ni ó kán. Ó wọ kéke lọ, ó gbé ọwọ́ náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Misbaudeen bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ nínú iyanrìn. Ẹ̀bá ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ gan-an ni kọ́kọ́rọ́ náà wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rìn yí i ká kí ó tó kàn án. Fàdílátù, ìyàwó rẹ̀, dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó rí ìwákiri náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọkùnrin yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, lọ́rì ni ó fi ń kó àlùbọ́sà bọ̀ láti Òkè Ọya. Nígbà tí ó dé Pọ́tàkọ́ọ̀tù, ó ra bọ́ọ̀sì kan, ó sì fi ń gbé àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ẹrù wọn lọ sí ọjà Okrika àti Alesa. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ní ojú tirẹ̀, awakọ̀ tí a bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a ti wẹ̀ ẹ́ fún sàárè.

Fàdílátù mọ èyí. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé òótọ́ ni Gafar sọ. Ó rò ó títí omi orí iná rẹ̀ fi gbẹ: bí a bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, yóò pa ẹnìkan nítorí rẹ̀, bí a kò bá sì gbà á, yóò fi í pa ẹnìkan. Nítorí náà, ó wá ọ̀nà kẹta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pa ìsọ̀ ata rẹ̀ tì, ó wé gèlè, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú bọ́ọ̀sì, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀.

“Níbo ni ò ń lọ?” ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

“Ibi tí ẹ̀yin bá ń lọ.”

Ìjókòó kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni ó kún àárín. Òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí, ojú òsì rẹ̀ sì ṣì ń rí àárín títì díẹ̀. Apá ọ̀tún, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń rìn, tí kéke ti ń dúró, tí àwọn obìnrin ti ń tajà, ni ó ṣókùnkùn sí i. Apá náà ni Fàdílátù gbà ṣe. Kò sì gbọdọ̀ sọ pé “ẹ wòye” tàbí “ẹ rọra”, nítorí pé àwọn èrò wà lẹ́yìn, ìtìjú ọkọ rẹ̀ yóò sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí bọ́ọ̀sì tó dé Alesa. Nítorí náà, bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ ni ó ń sọ ọ̀nà.

“Ẹ wo obìnrin aláṣọ pupa yìí,” ni yóò wí. “Ó fẹ́ sọdá, kò tilẹ̀ wojú ẹnikẹ́ni.” Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ yóò sì kan bíréèkì jẹ́jẹ́. “Kéke yìí fi ìdí sójú títì bí ẹni ń yá oòrùn.” Sítíárìn yóò yí díẹ̀ sí òsì. “Ibí yìí tẹ́jú lónìí o.” Ọkọ̀ yóò sì lọ.

Rùkáyátù, ẹni tí ó ń ta abọ́ oníke, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ìyá Rédíò.

“Ìyá Rédíò, bátìrì yín kì í tán ni?” ni ó máa ń ké láti ẹ̀yìn. “Ọkọ̀ yìí nìkan ni mo ti ń rí oorun sùn, ẹ sì gbà á lọ́wọ́ mi.”

“Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Okrika.”

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa sọ ọ́. Bàbá ni ó fẹ́ yín, àwa kọ́.”

Gbogbo ọkọ̀ a máa rẹ́rìn-ín. Misbaudeen náà a máa rẹ́rìn-ín. Láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò jáde rí nípa ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀tàn ni. Ẹ̀tàn tí ó bá sì ń gba ẹ̀mí là lójoojúmọ́ ni ó ṣòro jù lọ láti kọ̀ sílẹ̀.

Ní ọ̀sán kan, ẹ̀pà há Fàdílátù lọ́fun, ikọ́ sì dí i lẹ́nu. Láàárín ìgbà tí ó fi ń wúkọ́ náà ni bọ́ọ̀sì gbá bárò omi dànù ní ẹ̀bá ọ̀nà. Kẹ́ẹ̀gì omi là sára gíláàsì iwájú. Ẹni tí ó ń ti bárò náà fò sínú gọ́tà, ó sì jáde pẹ̀lú òkúta, ó fi fọ́ iná ẹ̀yìn ọkọ̀. Misbaudeen yọ orí lójú fèrèsé, ó ṣépè fún un; àwọn obìnrin ẹ̀yìn bá a gbè é. Fàdílátù rí i pé ọwọ́ òun wà lórí sítíárìn, kò sì mọ ìgbà tí òun gbé e débẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tún fi oúnjẹ sẹ́nu mọ́ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ó wà lórí ìjókòó náà láti ìgbà òjò títí ó fi di ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà náà ni Dáúdà dé.

Ẹ̀gbọ́n Misbaudeen ni, ọmọ ìyá kan náà, alápatà tí ó ti fi ọ̀bẹ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì tó ti ènìyàn méjì. Aránṣọ kan láti agboolé wọn kú ní Alesa; Dáúdà wá nítorí àdúrà fídáù rẹ̀, Misbaudeen sì ni yóò gbé gbogbo ará ilé àti àwọn oníṣòwò lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn obìnrin ti kún ẹ̀yìn, Fàdílátù sì ti wà níwájú, nígbà tí Dáúdà jáde nínú agbádá funfun, tí ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, tí ó sì dúró.

“Ìyàwó, o kú ìjókòó.”

“Ẹ káàárọ̀, Alájì.”

“Níbo ni èmi yóò jókòó sí?”

“Ìjókòó ẹ̀yìn ni mo tún ṣe fún yín, Alájì. Mo tẹ́ aṣọ sí i. Ooru ẹ́ńjìnnì pọ̀ níbí, yóò ba aṣọ yín jẹ́.”

“Ooru ẹ́ńjìnnì.” Dáúdà bojú wo àbúrò rẹ̀ ní òdìkejì ẹ́ńjìnnì náà. “Misbau, bí ẹ ti ń ṣe é ní Pọ́tàkọ́ọ̀tù nìyí? Ìyàwó yóò wà níwájú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yóò wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ike?”

“Alájì, ẹ rọra bá a wí,” ni Rùkáyátù ké láti ẹ̀yìn. “Rédíò ni. Ibi tí wáyà bá dé ni ó ń sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀rín sọ. Fàdílátù kò kúrò. “Èébì ni ó máa ń gbé mi bí mo bá wà lẹ́yìn,” ni ó wí.

“Èébì?” Dáúdà fi ọwọ́ lé ìdí. “Ìgbà tí a mú ọ wá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, òkè ẹrù lọ́rì ni o wà, lórí àpò iṣu, pẹ̀lú ewúrẹ́ méjì. Àwọn ewúrẹ́ bì. Ìwọ kò bì.”

Àwọn obìnrin ẹ̀yìn ń lu ara wọn fún ẹ̀rín. Fàdílátù kọjú sí ọkọ rẹ̀. Ojú títì ni ọkùnrin náà ń wò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárìn. Ó mọ̀. Ó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Gbólóhùn kan péré ni ó nílò: kí ó ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò béèrè ìdí. Bí kò bá sì sọ ìdí, yóò di ọkùnrin tí ìyàwó ń pàṣẹ fún lójú àwọn obìnrin ọjà. Àwọn ọ̀nà méjèèjì rí bí ikú fún un. Ó yan ìkẹta, èyí tí ó jẹ́ ikú ẹlòmíràn.

“Fàdílátù,” ni ó wí, “lọ sẹ́yìn.”

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gba iwájú ọkọ̀ yí lọ sí ojú fèrèsé awakọ̀, ó sì sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Bàbá Gafar, ẹ jẹ́ kí á má lọ. Ẹ ní inú ń run yín.”

“Wọlé.”

Ó wọlé. Ẹ̀yìn Dáúdà gan-an ni ó jókòó sí, ó ń wo títì láàárín èjìká ọkùnrin náà àti ilẹ̀kùn, níbi tí àyè kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n jáde ní Díóbù láìsí ewu, nítorí pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pọ̀, ọkọ̀ kò sì lè sáré. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bọ́ sí ọ̀nà Eleme, títì ṣí sílẹ̀.

“Kéke dúró níbẹ̀ yẹn o,” ni Fàdílátù pè láti ẹ̀yìn. “Ọ̀dọ́kùnrin kan ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀.”

Dáúdà ń sọ ìtàn màlúù kan tí ó já okùn ní odò ẹran, tí ó sì wọ ilé obìnrin olówó kan, tí ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dá ìtàn náà dúró. “Ìyàwó, kéke kò dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí? Mo ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀.”

“Ẹ má bínú, Alájì.” Ó na ọrùn wo títì. “Àwọn ọmọ ilé ìwé wà ní ẹ̀bá ọ̀nà níbí.”

“Ìyàwó.”

“Ìyá Rédíò, ẹ pa á,” ni Rùkáyátù wí. “Alájì ń sọ ìròyìn.”

Ohùn Dáúdà gbòòrò, ó kún ọkọ̀, ó bo ohùn obìnrin náà mọ́lẹ̀ bí omi ti ń bo iyanrìn. Misbaudeen ń tẹ orí sẹ́yìn láti gbọ́ ti ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé òun ni ó ń fetí sí, ó sì tún gbé ohùn sókè. Òógùn ń ṣàn ní ọrùn awakọ̀. Kò dín eré kù, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ níbẹ̀rẹ̀ pé àwọn awakọ̀ òde òní ń rìn bí ìgbín.

Nígbà tí wọ́n sún mọ́ oríta Akpajo, àwọn ọkọ̀ agbépo tò lọ bí ògiri ní apá òsì. Ọ̀kan nínú wọn yọ imú jáde láìfọn fèrè. Misbaudeen rí i, nítorí pé òsì ni. Ó yà fún un. Ó yà sí ọ̀tún, sínú òkùnkùn tirẹ̀.

Fàdílátù rí i láàárín èjìká àti ilẹ̀kùn: agbòòrùn ńlá kan, ààrò irin tí ó ń rú èéfín, bọ́lì àti ẹja lórí rẹ̀, àti obìnrin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ó ń fẹ́ iná.

“Ẹ tẹ bíréèkì!” ni ó ké. “Ènìyàn wà níbẹ̀!”

Dáúdà yí gbogbo ara padà láti bá a wí. “Ìyàwó, mo ti ní kí o…”

Bọ́ọ̀sì gbá agbòòrùn, ó gbá ààrò, ó gbá obìnrin. Ẹyin iná wọ inú ọkọ̀ láti ojú gíláàsì tí ó fọ́, ó rọ̀ sí itan Dáúdà, ó wọ apá agbádá rẹ̀. Ara obìnrin náà lu imú ọkọ̀, ó wọ abẹ́ lọ; gbogbo ẹni tí ó wà lórí ìjókòó ni ó mọ ìgbà tí táyà ẹ̀yìn gun ohun tí kì í ṣe òkúta. Òpó iná ni ó dá ọkọ̀ dúró. Rùkáyátù fi ẹnu lu irin ìjókòó tí ó wà níwájú rẹ̀, eyín rẹ̀ méjì sì bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀.

Misbaudeen ṣì di sítíárìn mú.

“Kí ni mo gbá?” ni ó béèrè. Dáúdà ń fi ọwọ́ lásán gbá ẹyin iná kúrò lára. “Fàdílátù, kí ni mo gbá?”

Kí ó tó dá a lóhùn ni wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn awakọ̀ kéke ni wọ́n kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà àwọn tí ń ta epo nínú kẹ́ẹ̀gì, lẹ́yìn náà gbogbo oríta. Wọ́n di ọrùn aṣọ bàbá arúgbó náà mú, wọ́n fà á jáde, orí rẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan fi pákó lù ú ní ẹ̀yìn. Òmíràn fọ́ ìgò sí i lórí. Ó ṣubú, wọ́n gbé e dìde láti tún un lù. Ẹni tí ó bá ń ti ọ̀tún bọ̀, kò rí i rárá. Ìkúùkù ń dé bá a bí ohun tí ń já bọ́ láti ọ̀run, kò mọ ìgbà tí yóò gbé apá bo ojú. Obìnrin kan tí aṣọ rẹ̀ kún fún eérú ń pariwo orúkọ ẹni tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀: Mama Osaro, Mama Osaro. Àwọn mìíràn na fóònù sókè, wọ́n ń ya àwòrán.

Dáúdà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbádá tí ń jó. “Àgbàlagbà ni,” ni ó ń wí. “Ẹ má pa á. Àgbàlagbà ni.” Yorùbá ni ó ń sọ, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ẹnìkan fi pẹrẹsẹ àdá gbá a ní etí, ó sì jókòó sílẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí agbádá funfun.

Ohùn kan ní èdè Píjìn ní kí wọ́n wá táyà. Táyà dé. Wọ́n tú kẹ́ẹ̀gì epo sí Misbaudeen lórí. Ó ń fi ọwọ́ nu ojú òsì rẹ̀, ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Fàdílátù gba abẹ́ apá wọn kọjá, ó ṣubú lé e, ó fi gbogbo ara bò ó. Wọ́n ta á nípàá ní ìhà. Wọ́n fà á ní gèlè, gèlè tú. Wọ́n fà á ní irun, kò tú. Ó ń fi Píjìn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá iná náà sí òun lára ná, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó di ìṣáná mú sì dúró, nítorí pé obìnrin náà kò ṣe é ní nǹkan kan, ó sì ń wo ojú rẹ̀.

Ìdúró náà ni ó gbà wọ́n. Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ń fi ìbọn sin ọkọ̀ agbépo dé, wọ́n yìnbọn sókè, èrò sì fọ́nká. Wọ́n ti fa Mama Osaro jáde lábẹ́ ọkọ̀, àwọn obìnrin sì ti sọ̀ kalẹ̀, kí ẹni tí ó di ìṣáná mú tó ju iná rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì, tí ó sì sá. Bọ́ọ̀sì náà jó tán lójú ẹni tí ó ni ín.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Misbaudeen, Dáúdà àti Rùkáyátù jókòó sórí bẹ́ńṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé onírin. Ojú Misbaudeen ti wú, ojú òsì rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. Òórùn epo ń jáde lára rẹ̀. Fàdílátù dúró ní apá ọ̀tún rẹ̀, nítorí pé ìhà rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè jókòó. Ìsìpẹ́kítọ̀ Ilésanmí, ọmọ Ìkàrẹ́ kan tí ó ti pẹ́ ní agbègbè náà, jókòó sẹ́yìn tábìlì.

“Ẹ kú ewu,” ni ó wí ní Yorùbá. “Báwo ni ó ti ṣẹlẹ̀?”

Dáúdà ni àgbà, òun ni ó sì fọhùn. Aṣọ ni ó fi di etí mú. “Bíréèkì já,” ni ó wí.

Ìsìpẹ́kítọ̀ yíjú sí awakọ̀. Misbaudeen mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Bíréèkì já ni, ọ̀gá,” ni Rùkáyátù fi ẹnu wíwú wí. “Mo gbọ́ ìró rẹ̀ pàápàá.” Kò gbọ́ ìró kankan. Ṣùgbọ́n àgbà ti sọ̀rọ̀, ó sì dà bí ẹni pé a ti sé ilẹ̀kùn. Ta ni yóò tún ṣí i?

Ọlọ́pàá kan wọlé, ó tẹ̀ ba, ó sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá rẹ̀ létí. Ìsìpẹ́kítọ̀ gbé bírò sílẹ̀. “Obìnrin yẹn kú lọ́nà ilé ìwòsàn,” ni ó wí.

Misbaudeen bẹ̀rẹ̀ sí sunkún láìsí ariwo. Dáúdà gbé ọwọ́ lé e léjìká. “Kádàrá ni,” ni ó wí. “Ọjọ́ rẹ̀ ni ó pé. Ṣé ìwọ ni ó já bíréèkì? Má sunkún mọ́, Misbau. Ọkọ̀ tí wọ́n sun, àwa ará ilé yóò ra òmíràn fún ọ. Kí Iléyá tó dé, wàá tún wà nídìí sítíárìn.”

“Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n,” ni Misbaudeen wí láàárín ètè fífọ́.

Fàdílátù gbọ́ ọpẹ́ náà. Ẹni tí ó sọ ọ́ kò tíì nu ẹ̀jẹ̀ nù.

“Bíréèkì kò já,” ni ó wí.

“Ìyàwó, jókòó,” ni Dáúdà wí.

“Mo ti lọ jókòó lẹ́ẹ̀kan lónìí, Alájì, nígbà tí ẹ ní kí n lọ jókòó.” Ó kọjú sí Ìsìpẹ́kítọ̀. “Bíréèkì kò já, ọ̀gá. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti kú. Tòsì ń kú lọ. Èmi ni mo ń bá a wo ọ̀nà láti ìgbà òjò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pè mí ní rédíò, ọ̀nà ni mo ń sọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra ọkọ̀ fún un.”

Rùkáyátù yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Kò rẹ́rìn-ín.

“Pa ẹnu dé,” ni Misbaudeen wí.

“Òun náà mọ̀. Ọmọ wa sọ fún un, ó ṣẹ́ ọmọ náà lọ́wọ́.”

Ọkùnrin náà dìde, ó sì gbé ìkúùkù sọ sí ibi tí ohùn ti ń jáde. Fàdílátù kò yẹra. Kò gbé ẹsẹ̀ kan. Ó wà ní ìwọ̀n apá kan sí i, ìkúùkù náà sì kọjá ní iwájú ojú rẹ̀, ó lu irin fèrèsé. Awọ bó lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó tún sọ ọ́. Ó tún lu irin. Ó tún sọ ọ́. Gbogbo wọn ń wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀ láti ìka rẹ̀, ó sì ń yí orí kiri bí ẹni tí ènìyàn sá mọ́ lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ sì dúró níbi tí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Dáúdà. “Misbau,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì tó ti ènìyàn kan mọ́. “Misbau, òótọ́ ni?”

Fàdílátù rìn gba iwájú tábìlì, ó di ìhà mú, ó sì lọ dúró ní apá òsì ọkọ rẹ̀, níbi tí ìlà ojú tí ó kù lè rí i.

“Ibí ni mo wà, Bàbá Gafar,” ni ó wí. “Bí ẹ bá fẹ́ lù mí, ẹ lù mí.”

Ó rí i. Ìkúùkù náà wà lókè fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn wá bẹ́ńṣì, ó jókòó. Misbaudeen kọjú sí Ìsìpẹ́kítọ̀.

“Ẹ kọ ohun tí Fàdílátù bá sọ,” ni ó wí.